Bí Ọ̀gá Òṣùwọ̀n Ṣe Gun Àkàbà Sá fún Ẹ̀fọ́

Nínú gbogbo aláìsàn tí dókítà ti sọ ìtọ́jú fún láti ìgbà tí dókítà ti wà láyé, ẹnì kan ṣoṣo la gbọ́ pé ó gba ìtọ́jú náà, tó dúpẹ́, tó sì lọ pín in fún àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá. Ọ̀gá Àgbà Iléeṣẹ́ Òṣùwọ̀n ni.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ yìí kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn ni ìjọba yàn láti máa yẹ ìwọ̀n wò ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlú, kí kílò kan lè jẹ́ kílò kan, kí lítà kan má sì di lítà kan ó-ku-díẹ̀. Láàárọ̀, àwọn ayẹ̀wò a gbé àpò kọ́ èjìká, irin tí wọ́n fi ń dán ìwọ̀n wò a máa ró woroworo nínú rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá gbọ́ ìró náà lókèèrè a yára gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ìwọ̀n, a wá máa ṣe pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bọ̀ láti ilé àdúrà.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà gbà pé òun gan-an ni òṣùwọ̀n tó ga jù nínú ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Òṣùwọ̀n-Tí-Kì-Í-Yẹ̀, tó sì pàṣẹ pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa pe òun níbi ìpàdé. Ní gbọ̀ngàn oúnjẹ, orí pèpéle ni àga rẹ̀ wà, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè máa rí i bó ṣe ń jẹun, kí oúnjẹ tiwọn lè lọ sílẹ̀ dáadáa. Bó bá ti ń jókòó, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fìdí kan àga títí igi àga tirẹ̀ yóò fi dún tán. Bó bá sín, Akọ̀wé Àgbà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, a gbé ọwọ́ sókè pé kí gbogbo ilé dákẹ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e.

"Sà," Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà a wí láràárọ̀, "bí ẹ̀yin bá gun ìwọ̀n, ìwọ̀n náà ló máa mọ bí òun ṣe wúwo tó."

"Àbí?" Ọ̀gá Àgbà a dáhùn. "Tún un sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Àṣà kan wà nílé náà tó yẹ ká mọ̀ kí á tó tẹ̀ síwájú: ipò ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo. Ipò-ní-ipò ni wọ́n ń tò gba oúnjẹ ọ̀sán, ipò-ní-ipò ni wọ́n ń gun àtẹ̀gùn. Bí òjò bá ká wọn mọ́ àgbàlá, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré kò gbọ́dọ̀ sáré kọjá ẹni tí ipò rẹ̀ ga. Kí àwọn méjèèjì jọ máa rẹ ni. Ohun tó bá dùn a máa ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó bá korò a máa ti ìsàlẹ̀ gòkè, ó sì máa ń rẹ òmíràn kó tó débi tó ń lọ.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún Ọ̀gá Àgbà wú. Ó wú títí ó fi dà bíi pé òun náà ń wá ipò.

Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, wo ẹsẹ̀ náà, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì béèrè ohun tó máa ń jẹ. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Bàbá, ẹran yìí ti pọ̀ jù. Ara yín ò gbé e mọ́. Ẹ ní láti máa yí padà sí oúnjẹ ewéko. Mi ò ní kẹ́ ẹ já a lójijì o, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹran màlúù kúrò, kẹ́ ẹ fi ẹ̀wà dí àyè rẹ̀. Tó bá ti mọ́ yín lára, adìẹ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹja, ẹyin àti wàrà. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ̀fọ́ àti èso á ti gba àwo."

Ọ̀gá Àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀, sà. Òun ló ń dá mi lóhùn."

Ìrora náà kọ́ ló ba Ọ̀gá Àgbà lẹ́rù. Àga ni. Sáà rẹ̀ máa parí lópin ọdún, àwọn aláṣẹ olú-iléeṣẹ́ ló sì máa pinnu bóyá wọ́n á tún un yàn. Wọn kì í tún aláìsàn yàn. Ẹni tó jókòó sórí àga náà ṣáájú rẹ̀ wúkọ́ níbi ìpàdé kan. Kó tó nu ẹnu tán, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà mọ ìtàn náà dáadáa, torí òun ló lọ sọ fún wọn pé ikọ́ yẹn kì í ṣe ikọ́ lásán. Báwo wá ni ẹni tó ń jẹun lórí pèpéle lójú gbogbo ayé ṣe fẹ́ ṣàdédé fi itan adìẹ sílẹ̀, kó máa fa ewé ya? Ilẹ̀ ò ní ṣú kí ìròyìn tó dé olú-iléeṣẹ́.

"Olówó orí mi," ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó wọlé, "ṣé kí n gbé ẹ̀wà kaná?"

"Ẹ̀wà kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba àga lọ́wọ́ mi ni?"

"Ẹ̀wà ò bá yín du àga. Ẹsẹ̀ yín ni mò ń wò."

"Fara balẹ̀ ná." Ojú Ọ̀gá Àgbà ti ń tàn. "Bí gbogbo iléeṣẹ́ bá ń jẹ ewéko, ta ló máa mọ̀ pé èmi lara ò yá?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń tiro, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pípé ló máa jẹ ẹ̀fọ́?"

"Ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣàkóso nìyẹn," ni ọkọ fèsì.

Ní ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn oúnjẹ. Ó gun pèpéle, ó di ìdí àga mú kí ẹsẹ̀ náà má bàa tú àṣírí, ó sì la ẹnu.

"Ẹ̀yin ọmọ Iléeṣẹ́ Òṣùwọ̀n! Mo jí láàárọ̀ yìí, mo bá a pé ọpọlọ mi ti jí ṣáájú mi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Mo bi í pé, kí lo rí? Ó ní, ewéko! Ẹ wo màlúù. Kí ni màlúù ń jẹ? Koríko! Ẹ wo àgùntàn. Koríko! Kí ló wá dé tí ọmọ ènìyàn, tó gbọ́n ju màlúù lọ, á máa rán màlúù níṣẹ́ pé kó bá òun jẹ ewé, kí òun náà wá jẹ màlúù? Ẹ yé rán màlúù níṣẹ́! Ẹ lọ jẹ́ ẹ fúnra yín!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bú sẹ́kún. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìgbà ayé òun ni irú ọ̀rọ̀ báyìí máa jáde. Àwọn olórí ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ẹni tí omijé rẹ̀ kò bá tètè dé fi itọ́ bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ọ̀gá Àgbà kéde orúkọ ètò náà: Ètò Ìpadàsí-Ewéko Díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún orúkọ náà lọ́tọ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, nígbà tó ń kúrò nílé, ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí gbogbo wọn jọ bẹ̀rẹ̀, kóun náà sì rọra wọ àárín wọn gba ìwòsàn. Ṣùgbọ́n Igbákejì Ọ̀gá, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, dìde. "Sà, ta ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?"

Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Ìdáná, olórí ilé ìdáná wọn, ṣí ìdérí ìkòkò. Ìtasánsán adìẹ díndín gba ojú fèrèsé wọlé, ó gba iwájú gbogbo òṣìṣẹ́ kọjá láìbojú wo ipò ẹnikẹ́ni, ó lọ dúró síwájú pèpéle. Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni ètò ti yí padà.

"Díẹ̀díẹ̀ ni mo wí," ó dáhùn. "Díẹ̀díẹ̀ sì dà bí àkàbà. Ta ló ń ti òkè bẹ̀rẹ̀ àkàbà gígùn? Ìsàlẹ̀ ni! Oṣooṣù ni ipò kan á máa wọnú ètò yìí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì àti àwọn agbálẹ̀ ló máa ṣíwájú, torí iyì ló jẹ́. Èmi tí mo jẹ́ olórí gbà láti jẹ́ ẹni ìkẹyìn pátápátá. Ìyà yẹn, mo gbà á."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Aláìsàn ló ń ṣèrúbọ pé òun ló máa gba ìwòsàn kẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ẹ̀ṣọ́ Géètì gba àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó wò ó. Ó fi ṣíbí yí i padà, bóyá ẹran náà sá pamọ́ sísàlẹ̀.

"Ìyá Ìdáná, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ nìkan? Géètì ni mò ń ṣọ́ o, èmi kì í ṣe ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ kì í ráhùn. Jẹun, jàre."

"Ẹran mi dà?"

Ìyá Ìdáná fi ìgbakọ rẹ̀ tọ́ka sí pèpéle. "Wò ó lókè yẹn. Wọ́n ti gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dín ẹran tí iléeṣẹ́ ń rà kù. Ẹran tí ìsàlẹ̀ kò jẹ mọ́, òkè ló ń gbà lọ. Bí ipò kan bá ti wọnú ètò, àwo àwọn tó kù a tún kún sí i, àwo orí pèpéle a sì ga ju ti oṣù tó kọjá lọ, títí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fi ń na ọrùn kó tó lè rí ojú Ọ̀gá tí yóò yìn.

Nísàlẹ̀ ńkọ́? Nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò pète ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Ìdáná, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ òun sílẹ̀ nínú àwo, bẹ̀rẹ̀ sí í dán oríṣiríṣi wò. Ó sun olú pẹ̀lú àlùbọ́sà títí ó fi ń ta sánsán bí ẹran. Ó lọ ẹ̀pà sínú ọbẹ̀. Ó se ẹ̀wà débi tí ẹnu fi ń wá a. Kò pẹ́ tí Ẹ̀ṣọ́ fi ń ti géètì láì mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìyá agbálẹ̀ kan sì ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọdé.

"Ó dùn o," ìyá agbálẹ̀ náà wí lọ́jọ́ kan, ó ń fi búrẹ́dì nu ìdí àwo.

"Rọra sọ̀rọ̀!" Ẹ̀ṣọ́ bojú wẹ̀yìn. "Bí wọ́n bá gbọ́ lókè pé ó dùn, wọ́n á gbà á."

Ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣe àtàǹpàkò lókè ń le sí i. Ẹran tó yẹ kó dín kù ló ń jẹ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kò lè wọ bàtà mọ́ àfi èyí tó fi ọ̀bẹ la ẹnu rẹ̀. Nígbà tí títiro kò ṣeé fi pamọ́ mọ́, ó fi ọ̀pá kọ́wọ́, ó sì kéde pé ìrìn tuntun lòun ń rìn, ìrìn ẹni tó ń ronú.

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kò jẹ́ kó tutù. Ọjọ́ kejì, òun náà tiro wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, gbogbo olórí ẹ̀ka ló ń tiro ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ọ̀pá ń ró kọ́-kọ́-kọ́ bí ilé káfíńtà. Olórí ẹ̀ka kan tiẹ̀ ṣi ẹsẹ̀ tirẹ̀ gbé. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fà á sí kọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì lo fi ń tiro yẹn?"

"Ẹ má bínú, sà. Ilé ni mo ti kánjú kúrò."

"Ṣé o fẹ́ bá Ọ̀gá ṣorogún ni? Ọ̀tún! Ọ̀tún ni wọ́n ń tiro nílé yìí!"

Oṣù ń gorí oṣù, ètò ń gun àkàbà. Ó kan àwọn akọ̀wé kéékèèké, ó kan àwọn ayẹ̀wò, ó kan àwọn olórí ẹ̀ka, tí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ wọn bí ẹni tó ń sin òkú. Igbákejì ló kàn. Lẹ́yìn Igbákejì, ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Ìparí ọdún, ìgbà tí wọ́n máa pinnu ọ̀rọ̀ àga, sì ṣì wà lọ́nà jíjìn.

Ọ̀gá Àgbà kò sùn dáadáa lóru yẹn. Nígbà tó di àárọ̀, ó ti rí ọ̀nà: bí àkàbà bá fẹ́ tán, ṣé kì í ṣe kéèyàn kan igi kún un ni?

Ó dá ipò Igbákejì Pàtàkì sílẹ̀ láàárín òun àti Igbákejì. Nígbà tí oṣù tún ń parí lọ, ó dá ipò Alábòójútó Àwọn Igbákejì sílẹ̀ lókè ìyẹn. Ó dá ipò Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Àgbà sílẹ̀, ó sì tún dá ipò Ẹni-Tó-Ń-Rán-Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́-Létí. Ipò kan tiẹ̀ wà tí ẹni tí wọ́n fi joyè rẹ̀ kò rántí orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin náà á ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wà ní ipò tuntun, ètò kò tíì kàn án, ẹran rẹ̀ á padà sínú àwo. Àwọn ayẹ̀wò, tí wọ́n ti fi ojú ara wọn rí bí ẹran ṣe kọjá lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún ìgbéga. Ọ̀kan yin ọ̀pá Ọ̀gá. Òmíràn yin bàtà tí ó là. Ẹnì kan wí pé òun lá àlá, òun rí Ọ̀gá nínú oòrùn. Ọ̀gá Àgbà bi í bóyá oòrùn náà dúró kí òun kọ́kọ́ jókòó. Gbogbo wọn ló gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò irin ìdánwò ìwọ̀n wà lórí ìṣó, eruku bò ó, kò sẹ́ni tó gbé e jáde mọ́.

Òkìkí èyí kò pẹ́ kó tó dé ọjà. Ọwọ́ padà sórí ìwọ̀n. Kílò ṣúgà rù. Lítà òróró kò kún ìgò rẹ̀ mọ́. Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ gbé àpò ìrẹsì kan sórí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Kílò kan ni wọ́n pè é. Ẹyẹ lè gbé e fò. Àwọn ayẹ̀wò yín dà?"

"Mo ti gbé wọn ga."

"Ẹ gbé wọn ga débo, tí wọn ò rí ọjà mọ́?"

Ọ̀gá Àgbà fa àpótí kan mọ́ra. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó ń wo àtàǹpàkò tó ń dán.

"Bàbá," ìyàwó rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọlẹ̀, "ẹ jẹ ẹ̀wà yìí. Mo bẹ̀ yín. Ta ló wà níbí tó ń wò yín?"

Bí kì í bá ṣe pé ó jẹ́ Òṣùwọ̀n-Tí-Kì-Í-Yẹ̀ ni, bóyá ì bá jẹ ẹ́. Ó ní tóun bá bẹ̀rẹ̀ nílé, ara òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ níbi iṣẹ́. Ó wọlé lọ sùn.

Àwọn ará ìlú kò sùn ní tiwọn. Wọ́n ké dé olú-iléeṣẹ́ pé kílò ìlú àwọn ti sá lọ. Olú-iléeṣẹ́ rán Aṣojú kan wá, bàbá arúgbó tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, tí ohùn rẹ̀ tutù. Wọ́n ní kó yẹ ọ̀rọ̀ kílò wò, kó sì tún fojú wo ọ̀rọ̀ àga Ọ̀gá Àgbà bákan náà.

Aṣojú ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ tò ní àgbàlá ní ipò-ní-ipò. Wọ́n tò. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó yí ilé po, ó sì tún fẹ́ padà jáde.

"Kí ni iṣẹ́ tìrẹ?" ó bi ọkùnrin kan.

"Alábòójútó Àwọn Igbákejì ni mí, sà."

"Tó wà níwájú rẹ yìí ńkọ́?"

"Òun ló ń bójú tó mi, sà."

"Ta ló ń jáde lọ yẹ ìwọ̀n wò?"

Gbogbo ìlà wo ilẹ̀. Láti ẹnu géètì lọ́hùn-ún ni Ẹ̀ṣọ́ ti dáhùn: "Wọ́n ti gòkè tán, sà! Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ibí yìí náà ni wọ́n máa gbà, màá sì ránṣẹ́ sí yín."

Ẹ̀rín bú ní ìsàlẹ̀ ìlà. Kò gòkè.

Aṣojú fa Ọ̀gá Àgbà sábẹ́ igi. "Ọ̀gá, àgbà bíi tèmi lẹ jẹ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mo rí ọ̀pá yẹn, mo rí bàtà yẹn. Ṣé ara le?"

"Ara mi le bí irin."

"Kí ló wá fa ipò rẹpẹtẹ báyìí?"

Ìdáhùn méjì péré ló wà nílẹ̀. Èkíní: "Bàbá, ẹ̀fọ́ ni mò ń sá fún." Ó rọrùn, kò gùn, òótọ́ sì ni. Ojú bàbá náà sì fi hàn pé bóyá ó lè ṣàánú. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gá Àgbà bá sọ ọ́, ó ti sọ ẹsẹ̀, bó bá sì ti sọ ẹsẹ̀, àga ti lọ. Àti pé gbogbo ilé ń wò ó. Ó gbé ọ̀pá sọ sẹ́yìn, ó wú àyà, ìrora náà gun orí rẹ̀ ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Iléeṣẹ́ yìí ló ti tóbi, sà! Lábẹ́ mi, ó ti tóbi kọjá ohun tí ojú lè wọ̀n. Iṣẹ́ tó wà níbí báyìí, òmìrán nìkan ló lè ṣe é!"

"Òmìrán," ni Aṣojú wí.

"Òmìrán, sà!"

"Ó yé mi." Ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ìjọba kì í sábà fetí sílẹ̀ délẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún Ọ̀gá Àgbà yàn. Àga rẹ̀ wà níbi tó wà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn wí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe jẹ́rìí, iléeṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ti ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí náà àwọn á fi ẹlòmíì lé e lórí. Ẹni tí wọ́n rán wá, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gá Pátápátá, ga, ó sanra, ó sì ní láti fẹ̀gbẹ́ wọlé. Àwọn káfíńtà kan pèpéle mìíràn sórí pèpéle.

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wà nídìí rẹ̀ láti àárọ̀. "Sà, bí ẹ̀yin bá gun ìwọ̀n, ṣe ni ìwọ̀n máa bẹ̀bẹ̀." Ó sáré lọ gbé omi wá, ó sáré padà, ẹsẹ̀ méjèèjì sì gún régé. Àárọ̀ yẹn ni gbogbo atiro ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rí ìwòsàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìwòsàn kò kàn.

Ọ̀gá Pátápátá kò jókòó pẹ́ kó tó pa gbogbo ipò tuntun rẹ́. Ó ní kí àwọn ayẹ̀wò gbọn eruku kúrò lára àpò, kí wọ́n padà sọ́jà. Ẹ ò rí i pé ipò tí wọ́n torí rẹ̀ rán an wá ti lọ tán. Ṣùgbọ́n àga tí ìjọba bá ti rán wá kì í mọ ọ̀nà ilé mọ́. Lẹ́yìn náà, ó kéde pé òun ti gbọ́ nípa ètò ewéko, ohun tó wú òun lórí jù nílé náà nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án.

Àwọn ipò àárín ti lọ. Igbákejì sì ti wọnú ètò tipẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìlà oúnjẹ tò bó ṣe máa ń tò. Nígbà tó kan Ọ̀gá Àgbà, Ìyá Ìdáná gbé ìgbakọ dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Sà, oṣù yín ló dé. Ṣé kí n bu ẹ̀wà, àbí ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ?"

Kí ló fẹ́ sọ? Pé àṣẹ tí òun fúnra òun pa kò dára? Pé ó dára fún agbálẹ̀, kò dára fún òun? Ó wo òkè pèpéle kejì, níbi tí itan adìẹ tó jẹ́ tirẹ̀ lánàá ti ń wọ ẹnu ẹlòmíì.

"Bù ú," ó wí.

Kò gun orí pèpéle, ó gbé àwo náà lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Igbákejì. Igbákejì rọra ti iyọ̀ sún mọ́ ọn. "Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le, sà," ó wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, olú Ìyá Ìdáná á bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn lórúkọ." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló sì dun ọkùnrin náà jù.

Ó jẹ ẹ́. Nílé, ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ dókítà: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹran màlúù ló yọ. Ó ń wo ẹ̀wà bí ẹni tó ń wo àna tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Lẹ́yìn náà adìẹ lọ. Kí ẹja tó tẹ̀ lé e, ó ti béèrè olú sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ Ìyá Ìdáná, ó sì húkọ́ kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ. Wíwú àtàǹpàkò náà lọ sílẹ̀. Ọ̀pá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó wá a. Ìyàwó rẹ̀ ra bàtà tuntun fún un, ó wọ̀ ọ́, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

"Ẹsẹ̀ ti wálé," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Àga ti jáde," ni ọkọ dáhùn.

Nígbà tí oṣù ń parí lọ, Ọ̀gá Pátápátá ránṣẹ́ pè é sí yàrá ńlá tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí. Ó ní kó ti ilẹ̀kùn.

"Jókòó, jàre. Mo gbọ́ pé ní oṣù tó ń bọ̀, ètò ewéko yìí máa kan ipò tó tẹ̀ lé tìrẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin ló kàn."

"Ètò tó dára ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn." Ọ̀gá Pátápátá fi ìka ti àwo tó wà níwájú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, eegun adìẹ ló kún inú rẹ̀. "Mo kàn ń rò ó ni. Láàárín ipò tìrẹ àti tèmi, ṣé o ò rí i pé àlàfo kan wà níbẹ̀, tó yẹ kí á fi nǹkan dí?"

Ọ̀gá Àgbà wo ọkùnrin náà. Ó wo àga ńlá tó jókòó lé, ó wo bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe kún un dẹ́múdẹ́mú. Ó ronú sí ìlú níta, sí àwọn ayẹ̀wò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò wọn padà sọ́jà, sí bàbá onírùngbọ̀n funfun tí kì í pẹ́ gbọ́ igbe. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kan pèpéle kejì, ẹ̀rín músẹ́ yọ lójú rẹ̀.

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Àlàfo ńlá ló wà níbẹ̀, sà," ó wí. "Ipò mélòó lẹ fẹ́?"